Iṣẹ́ Àbọ̀ṣẹ́ ní Èkó: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Olùkọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Muṣin ni mo sì ń gbé. Owó oṣù olùkọ́ ilé ìwé aládàáni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí tiẹ̀ bá ń dé ìparí oṣù, ẹ bá mi kí i. Láti bí ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe àbọ̀ṣẹ́. Mo ti ta sóbò, mo ti ta òkìríkà, mo ti jókòó sídìí POS ẹ̀gbọ́n mi. Gèlè wíwé àti kíkọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lórí fóònù ló kù lọ́wọ́ mi báyìí. Ìbéèrè tí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti àwọn ọmọ àdúgbò máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí, bí wọ́n ṣe bi mí gan-an.

Àǹtí, mo nílò owó kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Kí ni mo lè ṣe?

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹ ní, ẹ gbàgbé ọjà títà. Ọjà á kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín ná, ìgbà tó bá wù ú ni yóò tó dá a padà. Agbára yín ni kí ẹ tà. Àwọn alásè tó ń se oúnjẹ òde máa ń wá ẹni tí yóò gé ẹran, tí yóò bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, tí yóò fọ abọ́ láti alẹ́ Fúráìdé mọ́jú Sátidé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń sanwó kí ẹ tó kúrò nídìí iná. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò náà ń gba tiwọn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ládùúgbò yín, ẹ wo ilé tí tọkọtìyàwó ti ń jáde ní agogo márùn-ún ìdájí kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ má bàa ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Aṣọ wọn á ti ga bí òkè. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ní ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sì lọ̀ ọ́. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè nìkan, iṣẹ́ gidi ni. Ọmọkùnrin tó bá ní kànìnkàn àti bùkẹ́ẹ̀tì lè fọ mọ́tò mẹ́rin kí àwọn ènìyàn tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé ojú á kọ́kọ́ tì yín. Ojú ti èmi náà, ó sì kúrò lójú mi lọ́jọ́ tí wọ́n kà á lé mi lọ́wọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àbọ̀ṣẹ́ kan máa lérè?

Owó ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Mo máa ń sọ eléyìí títí tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé.

Ká ní ẹ lọ ra ọjà ₦20,000 ní Ìdúmọ̀tà, ẹ sì tà á ní ₦26,000. Ẹ ó sọ pé ₦6,000 ni èrè yín. Ó dáa. Owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ láti Muṣin, ká pè é ní ₦2,400. Alábàárù gba ₦500. Náílọ́ọ̀nù tí ẹ fi dì í fún oníbàárà, ₦300. Dátà tí ẹ fi polówó rẹ̀, ₦400. Ó ku ₦2,400, ẹ ò sì tíì ka oúnjẹ tí ẹ jẹ lójú ọ̀nà àti odindi Sátidé tó bá a lọ. Ẹni tó fọ aṣọ ní ojúlé kejì sí yín lè ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì wọ ọkọ̀ kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àbọ̀ṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà yín ló dáa jù: ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, òpópónà tí ẹ ń gbé. Bí ibi iṣẹ́ yín bá wà ní Erékùṣù, ọjà Balógun àti Òkè-Àrìn ti di ojú ọ̀nà yín nìyẹn; owó ọkọ̀ tí ẹ máa san tẹ́lẹ̀ náà ni. Bí ẹ bá ń gbé Kétu, ìtòsí yín ni èso àti ata Mile 12. Èmi tí mo wà ní Muṣin, ọjà Òjúwòyè ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Láti oṣù Kẹwàá 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó dé Oyíngbò, àwọn ará Agége náà ti rí ọ̀nà tí ìrìn àjò kò fi ní gba gbogbo ọjọ́ wọn.

Mo mọ oúnjẹ sè. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á?

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yan èyí tó máa tán lọ́jọ́ tí ẹ sè é. Àkàrà, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ẹ̀kọ gbígbóná, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà: àwọn wọ̀nyí kì í sùn mọ́jú. Àwọn oníṣẹ́ àárọ̀ ń jáde láti agogo márùn-ún; tí àkàrà yín bá bọ́ síta lágogo méje, ẹ ti pẹ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ oṣù lè ṣe é ní Sátidé nìkan, nítorí àwọn kan wà tí Sátidé wọn kò pé láìsí àkàrà àti ògì.

Sóbò ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo rò pé ewé sóbò, ata ilẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni gbogbo ẹ̀. Àṣé yìnyín ni mò ń tà. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná, mo ń ra yìnyín, èrè á sì yọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, sóbò ìgò méjìdínlọ́gbọ̀n kan mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin kí ẹ wo bí mo ṣe da gbogbo rẹ̀ nù sínú gọ́tà. Ẹ má fẹ̀sùn kàn mí bí mo bá ní kí ẹ má fi ohun mímu tútù bẹ̀rẹ̀ láìní fírísà àti iná tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun mẹ́ta tí ìjọba kò ní bá yín ṣeré lórí wọn. Àkọ́kọ́ ni ike fóòmù funfun tí a fi ń di ìrẹsì: ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de é láti oṣù kìíní 2024, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025 wọ́n fi àwọn ike àlòsọnù mìíràn kún un, irú bíi sítíróò àti ife àlòsọnù. Ẹ lo abọ́ bébà, tàbí kí ẹ sọ fún oníbàárà kó gbé abọ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tiẹ̀ ti ní ewé tiwọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Èkejì ni ojú títì. Òfin Èkó ti 2003 ka ẹni tó ń kiri ọjà lójú títì àti ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sí arúfin, àwọn KAI, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lé àwọn tó ń kiri ọjà, sì ń gbé igbá, ọjà àti ènìyàn papọ̀. Iwájú ilé yín ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ onílé ná. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ máa di í sínú ìgò tàbí páálí kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn láti máa kó o fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ti kan NAFDAC.

POS ńkọ́? Ó dà bí ẹni pé gbogbo igun ni wọ́n wà.

Gbogbo igun ni wọ́n wà lóòótọ́, ìṣòro náà sì nìyẹn. Owó ni ọjà tí ẹ ń tà níbẹ̀. Ẹ nílò owó bébà lọ́wọ́, ẹ tún nílò owó nínú ẹ̀rọ, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo ènìyàn bá fẹ́ gba owó láàárọ̀, owó bébà á tán kó tó di ọ̀sán, ẹ ó sì jókòó máa fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ẹnì kan yóò fi wá fi owó ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń sáré wọ iṣẹ́ yìí ṣì ń rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì di ọ̀wọ́n gógó. Ìgbà yẹn ti lọ.

Láti oṣù Kejìlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ ti ní oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, àti pé ₦1.2 mílíọ̀nù ni gbogbo owó tí oní-POS kan lè san fún àwọn ènìyàn lójúmọ́. CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, náà ti ní kí wọ́n wá forúkọ òwò wọn sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà, ẹ fi ṣe àbọ̀ṣẹ́ pẹ̀lú àbúrò tó máa ń wà nílé, kí ẹ sì kọ́ ọ ní nǹkan kan: kó má wo fóònù oníbàárà. Mo jókòó fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan nínú káfútàánì funfun fi rìsíìtì ₦35,000 hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó pè mí ní “mọ́mì mi”. Mo ka owó fún un. Owó yẹn kò dé títí dòní, èmi ni mo sì san án fún ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rọ tiyín ni kó dún, kí ẹ tó kawó.

Ṣé mo lè máa tajà lórí WhatsApp láìní ṣọ́ọ̀bù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òkìríkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń lọ sí Kàtàngúà ní Abúlé-Ẹ̀gbá láàárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já bẹ́ẹ̀lì, mo ń ṣa èyí tó dáa níbẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń lọ̀ ọ́, mo sì ń ya fọ́tò rẹ̀ lára mi. Lílọ̀ yẹn ló ń mówó wá. Aṣọ tí wọ́n kó jọ sórí tapólì kò níyì. Fi áyọ́ọ̀nù kan án, kó o gbé e kọ́, oníbàárà á bi ọ́ bóyá láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti dé. Ẹ má ra odindi bẹ́ẹ̀lì ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè rí inú rẹ̀.

Àwọn kan kì í ra ohunkóhun sílẹ̀: wọ́n á ya fọ́tò ọjà ní Balógun, wọ́n á gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, oníbàárà á sanwó kí wọ́n tó lọ rà á. Ó dáa fún ẹni tí kò ní owó ìdókòwò. Ẹ kàn gba àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ tó ya fọ́tò, torí inú máa ń bí wọn, kí ẹ sì pe ọlọ́jà padà kí ẹ tó gba owó oníbàárà, nítorí iye àná lè má jẹ́ tòní mọ́. Àwìn? Rárá. Ará ilé, ọ̀rẹ́, pásítọ̀, ìyàwó pásítọ̀: rárá.

Ṣé gèlè wíwé ń mówó wọlé lóòótọ́?

Ó ń mú un wọlé, Sátidé nìkan ló kàn mọ̀. Láàrin ààwẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ. Tó bá di oṣù Kejìlá tí àwọn ará òkè òkun ti dé, ẹ ò ní ráyè jẹun.

Wíwé e sórí ara ẹni yàtọ̀ sí wíwé e sórí ẹlòmíràn. Èyí tí ọwọ́ yín ti mọ̀ níwájú dígí, ẹ ó rí i pé òdìkejì rẹ̀ ni nígbà tí ẹ bá dúró níwájú orí ẹlòmíràn. Orí àbúrò yín ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Nínú àwọn aṣọ gèlè, sẹ̀gò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó le, ibi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ló máa dúró. Dámásíìkì rọ̀, ó máa ń yọ̀ bọ́. Aṣọ òkè ní tirẹ̀, agbára apá ló ń fẹ́. Lẹ́yìn orí mẹ́fà, ìka yín á máa gbọ̀n. Ẹ kó píìnnì tó pọ̀ dání, dígí kékeré, àti aṣọ ìnujú, nítorí wọn á ti kun àtíkè tán kí ẹ tó dé, bẹ́ẹ̀ òógùn ń bọ̀.

Ìṣòro iṣẹ́ náà ni pé gbogbo orí ló fẹ́ jáde láàrin agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá. Orí mẹ́rìnlá láàrin wákàtí mẹ́ta, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́tàlá tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyá ìyàwó á sì ní kí ẹ tú tòun wé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tó gbà mí là ni gèlè aránsílẹ̀, èyí tí wọ́n kàn ń dé bíi fìlà. Mo ń fi téèpù wọn orí wọn, mo ń wé e lálẹ́ Túsìdeè títí dé Tọ́sìdeè, mo ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú dè é, wọ́n á sì wá gbà á. Òru ọ̀sẹ̀ ti di owó, Sátidé kò sì dààmú mi tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ gba owó kí gèlè tó dé orí. Mo wé gèlè mẹ́rìnlá fún ìdílé kan ní Ìkẹjà nígbà kan. Mo bèèrè owó, wọ́n ní kí n rí àǹtí tó pè mí. Àǹtí ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró de àǹtí ní gbọ̀ngàn, àǹtí ń jó. Ìlàjì owó náà ni mo gbà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo gbọ́ pé ẹ ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá lórí fóònù. Báwo nìyẹn?

Àwọn òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto fẹ́ kí ọmọ wọn lè kí màmá àgbà. Wọn ò wá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó ní sùúrù, tó ń sọ Yorùbá tó já gaara, tó sì lè dá ẹ̀rín pa ọmọ ni wọ́n ń wá. Ẹ nílò fóònù tó ríran dáadáa, dátà, àti yàrá tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò ti ní máa bá yín sọ̀rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro jù ní Muṣin.

Ẹ mọ aago wọn. Aago wa fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù wọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a dọ́gba. Nítorí náà, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lè kẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Ti Houston kò rí bẹ́ẹ̀: agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wọn, agogo mọ́kànlá alẹ́ tàbí méjìlá òru ló jẹ́ níbí. Sátidé ni mo fi wọ́n sí. Àárọ̀ wọn ni ọ̀sán wa, mo sì ti bọ́ lọ́wọ́ gèlè nígbà yẹn.

Ìdajì wákàtí tó fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni, kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gidi níwájú kámẹ́rà, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Àwọn òbí á máa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ibẹ̀ ni oníbàárà tuntun ti ń wá. Ẹ kọ́ wọn ní oríkì wọn. Òǹkà ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan bi mí ìdí tí mẹ́rìndínlógún fi ní ogún nínú. Mo ní ogún ni, a kàn yọ mẹ́rin kúrò. Ó dákẹ́, ó ronú, ó ní: “So you people do maths before you talk?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Owó oṣù kan ni kí ẹ máa gbà ṣáájú. Ẹ má fi àánú ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìbátan, wọn kì í wá déédéé.

Ṣé kí n máa fi mọ́tò mi ṣe Bolt tàbí Uber lálẹ́? Ọ̀kadà ńkọ́?

Bí mọ́tò bá jẹ́ tiyín, tí ẹ sì ń padà sílé ní ọ̀nà kan náà, ẹ lè gbé èrò ní ọ̀nà yẹn. Ẹ ka epo, ọ́ìlì àti táyà mọ́ ọn. Ọ̀kadà, ẹ má dán an wò: láti oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n ti lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Súrùlérè, Ìkẹjà, Àpápá, Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó àti Lagos Mainland, kí wọ́n tó fi Muṣin, Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́ àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà.

Wọ́n ní títa owó tuntun lóde ń lérè gan-an.

Ó ń lérè, ẹ̀wọ̀n sì ni. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, fòfin de títa owó náírà àti níná an mọ́ ènìyàn lórí ijó pẹ̀lú títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ òde ni ẹ fẹ́, ẹ gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò kékeré lọ. Fọ́tò tí wọ́n bá rí lójú ẹsẹ̀, wọ́n á rà á, pàápàá àwọn màmá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi ₦50,000 sílẹ̀, ó máa di ₦100,000 lóṣù kan.

Àwọn bàbá wa ti fún un ní orúkọ kó tó di orí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣogúndogójì. MMM ti owó ènìyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016, lásìkò tí wọ́n fẹ́ fi ṣọdún. CBEX, ètò irú rẹ̀ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wó ní oṣù Kẹrin 2025. Òfin tuntun ti 2025 sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn tí ìtanràn rẹ̀ kò lè dín ní ₦20 mílíọ̀nù, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sì wà ńbẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti rí owó gbà lóòótọ́. Owó yín ni wọ́n á fi san tiẹ̀ tó kàn.

Iṣẹ́ kan ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbà mí.

Iṣẹ́ ló ń sanwó fún ènìyàn. Ẹ má san án. Ẹ má sì fi nọ́ńbà BVN tàbí NIN yín ránṣẹ́ sí wọn.

Ibo ni kí n fi owó àbọ̀ṣẹ́ sí kó má bàa bá owó ọbẹ̀ lọ?

Alájọ ni mo ń fi sí. Iye kan náà lójoojúmọ́, ìparí oṣù ó kó o fún mi, ó sì yọ ti ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí ló dé tí mi ò lo ápù, tí ápù ń san èlé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ápù kì í wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lágogo mẹ́fà kó máa wò mí lójú. Alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ lò, tó ti ń gba tàwọn ọlọ́jà àdúgbò fún ọdún púpọ̀.

Ní ti owó orí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tó wọlé fún yín lọ́dún kò ní owó orí. Owó oṣù àti àbọ̀ṣẹ́ ni ẹ máa pa pọ̀ kí ẹ tó kà á. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí.

Ṣé kí ọ̀gá mi mọ̀?

Ó sinmi lé ọ̀gá. Tèmi mọ̀. Èmi ni mo wé gèlè ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Àǹtí, ẹ lè wá wé gèlè fún wa ní Sátidé tó ń bọ̀? Àwa mẹ́jọ ni.

Ṣé sẹ̀gò ni àbí aṣọ òkè? Ẹ fi owó ránṣẹ́ kó tó di Tọ́sìdeè.